Kọ̀ǹpútà Tí Ẹ̀rù Bà Mí Láti Tò

                                        Ilé Kọkànlélógún, Àjà Kejì,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ.

Elétí Ehoro, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbà fún un láti gun àtẹ̀gùn ilé yín láìdúró sinmi láàárín? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ní òun máa wa ọkọ̀ òfuurufú? Ṣé ẹ̀rù àkàbà ṣì ń bà á? Mo gbọ́ pé o ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń gbé rédíò wá mọ́. Inú mi dùn sí i. Jíjókòó sílé lásán ló ń sọ èèyàn di arúgbó.

Mo mọ̀ pé wàá ti yí ìwé yìí síwá sẹ́yìn, wàá máa wò ó bóyá lọ́dọ̀ mi ló ti wá lóòótọ́. Láti ìgbà tí a ti kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gá wa tó kọ́ wa níṣẹ́ rédíò, ó lé ní ogójì ọdún, kò sí lẹ́tà kan tí mo kọ sí ọ tí kì í ṣe ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Èyí tí wọ́n wá tẹ̀ bí ìwé ìjọba yìí, o ti máa sọ fún ìyàwó rẹ pé mo ti di ọ̀gá ńlá, mo ti gba akọ̀wé. Mi ò gba akọ̀wé kankan. Ṣe sùúrù, màá dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. O mọ àbígbẹ̀yìn mi, èyí tó máa ń ya àwòrán sára ògiri nígbà tó wà ní kékeré, tí mo máa ń pariwo lé lórí. Iṣẹ́ yẹn náà ló wá ń jẹ báyìí. Àwòrán tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, ló ń yà, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò. Àwọn tó ń tẹ ìwé ilé-ìwé gbé méjìlá fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì fẹ́ gbà á kí ilé-ìwé tó wọlé. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lò ti darúgbó. Tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, yóò gbóná bí irin tí a fi ń jó òjé, á wá di kó gbé e sórí táìlì ilé ìdáná kó lè tutù. Ó ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì lòun nílò, èyí tó lágbára. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀nà méjì ló wà: kó lọ ra èyí tí wọ́n ti tò pọ̀ láti ilé iṣẹ́ wá, tàbí kó ra ẹ̀yà ara rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kó wá tò ó nílé. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Èmi àtẹ̀yin la jọ máa tò ó, Bàámi. Ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣe tó yín?"

Ọ̀rẹ́ mi, àyà mi já.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò tíì fi létí ẹnikẹ́ni fún ọ. Ọwọ́ ọ̀tún mi ń gbọ̀n. Oṣù kẹrin rèé. Rédíò télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa ni mò ń tún ṣe nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo gbé irin òjé, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì ń jó kiri lójú mi bí ẹni pé ẹlòmíì ló dì í mú. Mo rò pé ebi ni. Mo jẹun tán, ó ṣì ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ọwọ́ pamọ́ bí ẹni tó jí nǹkan: mò ń kì í bọ àpò, mò ń jókòó lé e, tíì ààbọ̀ ife ni mò ń bù kó má baà dànù. Ìyá àwọn ọmọ ti wà lọ́dọ̀ àkọ́bí wa láti ìgbà tí ìyẹn ti bímọ. Ká ní ó wà nílé ni, ì bá ti ká mi mọ́ tipẹ́.

O rántí bàbá mi. Báyìí gan-an ni tiẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, láti ọwọ́ ọ̀tún. Kò pé ọdún mẹ́ta tí a fi ń fi ṣíbí bọ́ ọ, tí kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀. Nígbà tí mo bá ń nu ẹnu fún un, kì í lè wò mí. Ojú èmi ọmọ rẹ̀ ń tì í. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe ikú. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ mi máa nu ẹnu fún mi, tí màá sì máa wo ilẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà. Mo ní kó ra èyí tí wọ́n ti tò. Mo ní àwọn tó tò ó mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ti dán an wò, wọ́n á sì fún un ní wáráńtì ọdún kan. Èyí téèyàn bá tò nílé, tó bá bàjẹ́, ta la máa dì mú? Ó ní, "A máa di ara wa mú." Mo tún ní àkókò ò sí. Ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń gbà. Ó wá wò mí títí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ọmọ náà sì ti fura.

A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ wọ táì, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó gbé àpótí dúdú kan jáde tó ń tan iná aláwọ̀ mẹ́ta níwájú, ó ní kò sí wàhálà kankan, ká ṣáà gbé e délé ká tì í bọ iná. Àbígbẹ̀yìn mi bi í pé irú àpótí iná wo ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ń pín iná fún gbogbo ara yòókù. Ó ní èyí tó dáa ni. Ọmọ mi tún bi í bóyá òun lè ṣí i tó bá yá, kóun fi nǹkan kún un. Ọkùnrin náà fi ìka kan sítíkà kékeré tí wọ́n lẹ̀ bo síkúrù ẹ̀yìn, ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti ya ìyẹn, wáráńtì ti parí nìyẹn. Mo ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Mo ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa.

Ọmọ mi yíjú sí mi. "Bàámi, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ohun téèyàn ò bá lè ṣí, ṣe ló kàn ń bá a gbé, kì í ṣe tiẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá wa ni. Ìwọ náà mọ iye ìgbà tí a gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bí a ṣe padà sílé lọ́wọ́ òfo nìyẹn, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, páálí bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀kan lónìí, méjì lọ́la. Gbogbo ìgbà tí aago ẹnu ọ̀nà bá dún ni mo máa ń ki ọwọ́ bọ àpò.

Àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta la tò ó. A kó abọ́ kúrò lórí tábìlì ìjẹun tó wà lẹ́bàá fèrèsé, a nù ún gbẹ. Bọ́ọ̀dù náà ì bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín: ohun tí èmi àti ìwọ máa fi oṣù kan jó, wọ́n ti jó gbogbo rẹ̀ sórí pátákó tí ò fẹ̀ ju ìwé ìròyìn tí wọ́n ṣẹ́ po lọ. Láàárín rẹ̀ ni ihò onígun mẹ́rin kan wà tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń wọ̀. Eyín tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló tò sínú ihò yẹn, wọ́n tín-ín-rín ju irun ìpéǹpéjú lọ. Tí ẹyọ kan bá tẹ̀, bọ́ọ̀dù ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí irin òjé tó máa tún un ṣe. Ṣe lèèyàn máa gbé ọpọlọ náà lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò gbọdọ̀ yẹ̀, kò sì gbọdọ̀ já bọ́.

Ó yọ ọ́ látinú ike rẹ̀, ó nà án sí mi. "Ẹ gbà, Ọwọ́-Pẹ̀lẹ́."

O mọ̀ pé Ọ̀gá wa ló sọ mí lórúkọ yẹn, o sì mọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Lọ́jọ́ náà, ó dà bí ẹni pé ẹlòmíì ni wọ́n ń pè. Mo ní ìgò ojú mi ò ríran dáadáa. Ó lọ bá mi mú ìkejì wá. Mo ní òun ló ni ín, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó ní àtẹ́lẹwọ́ òun ń làágùn. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kèrègbè ọ̀hún ni wọ́n gbé síwájú mi yìí.

Mo gbà á. Mo fi ìgúnpá ti tábìlì, mo fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú ṣinṣin, mo sé èémí. Àbígbẹ̀yìn mi ti dorí kodò, ó ń fi abẹ ya páálí mìíràn, kò rí mi. Ó kù díẹ̀ bíńtín kí ọpọlọ náà balẹ̀ ni ọwọ́ mi fò, ó sì bọ́. Bóyá ó jókòó ire o, bóyá ó ha àwọn eyín náà lára o, mi ò mọ̀, ojú mi ò ká a. Mo tẹ apá irin tó ń dì í mú, ó dún kẹ́kẹ́ bí ìgbà téèyàn tẹ èèpo ẹ̀pà mọ́lẹ̀.

Ó gbójú sókè. "Ṣé bó ṣe máa ń dún nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ mi, torí mi ò tò ó rí láyé mi.

Òun ló ṣe ìyókù, èmi ń na síkúrù sí i. Nígbà tó ku wáyà fáànù kan nísàlẹ̀, mo bá a ki ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́, mo fi í síbi tó yẹ. Wákàtí méjì ló gbà wá. Ó wá tẹ bọ́tìnnì iwájú. Kò tan iná, fáànù ò yí, kò tilẹ̀ kùn. Ó tún un tẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, ó tán, eyín ti tẹ̀. Mo wá àga, mo jókòó. Òun ń tọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo fídíò lórí fóònù, ó sì ń bu ìka jẹ. Àwòrán méjìlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Nígbà tó yá, ó dìde, ó ń wá bàtà. Ó ní ẹni tó ta bọ́ọ̀dù fún òun ló fi òkú ọjà lé òun lọ́wọ́, òun ń lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, ó máa mọ ẹni tóun jẹ́ lónìí. Mo mọ ọkùnrin náà. Fúnra rẹ̀ ló gbé ọjà yẹn wá, ó sì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kó má baà kó ẹrẹ̀ wọlé wa. Mo rí i lọ́kàn mi bí wọ́n ṣe ń dójú tì í níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí ọwọ́ tèmi. Ibẹ̀ ni mi ò ti lè fara dà á mọ́.

Mo ní kó jókòó. Mo fa ọwọ́ ọ̀tún yọ nínú àpò, mo gbé e lé tábìlì níwájú rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀. Síkúrù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka mi, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lórí pákó.

Ó wò ó títí. Ó ní, "Láti ìgbà wo?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti bàbá mi pẹ̀lú, tí kò bá láyé. Mo ní èmi ni mo ba kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́, kì í ṣe ọkùnrin yẹn. Mò ń retí kó bínú. Ṣe ló ju bàtà sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bo ọwọ́ mi. Ó ní, "Torí ẹ̀ lẹ ṣe ní kí n ra èyí tí wọ́n lẹ̀ pa." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi apá nu ojú, ó dìde láti yọ wáyà iná, ká lè ṣí i, ká wo àwọn eyín náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn àpótí.

"Bàámi, ta ló pa súìṣì ẹ̀yìn yìí?"

Elétí Ehoro, èmi ni. O rántí òfin Ọ̀gá, èyí tó ń fi rúlà kàn mọ́ wa lágbárí láràárọ̀: pa ti ògiri, pa ti ẹ̀yìn, kí o tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo fẹ́ fi wáyà fáànù yẹn síbi tó yẹ, ọwọ́ òsì mi ti kọ́kọ́ gba ẹ̀yìn lọ, ó ti pa súìṣì, kò bi mí. Ogójì ọdún ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi tàn án, ó tẹ bọ́tìnnì iwájú, gbogbo fáànù yí, iná tàn. Eyín kankan ò tẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi ò jẹ̀bi nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi sì ti fọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ọwọ́ náà ò dá.

Ó ti bá mi gba àyè lọ́dọ̀ dókítà fún Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní àìsàn là á wò. Òótọ́ ni. Orúkọ tí dókítà máa pè é ló ń bà mí lẹ́rù, torí tó bá ti lè pè é, mi ò ní lè sọ pé ebi ló fà á mọ́. Kọ̀ǹpútà tí a tò yìí, èyí tó bá kú nínú rẹ̀, a máa yọ ọ́, a máa fi òmíì sí i. Ara tèmi, èyí tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n fún mi, kò sì ní wáráńtì.

Nítorí náà, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Wọ ọkọ̀ ní Ọjọ́rú, kó o wá sùn lọ́dọ̀ mi, ká jọ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìwọ lo máa ń gbọ́ ohun tó ń ṣe rédíò kí a tó ṣí ìdérí rẹ̀. Mo mọ ara mi, tí dókítà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, etí mi máa di. Bá mi gbọ́ ọ.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, sọ fún un kó má gun àtẹ̀gùn láìdi irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Kí awakọ̀ òfuurufú wa. Àbígbẹ̀yìn mi ní kí n kí ọ, ó ti ń ya ìkẹrin nínú méjìlá. Nígbà tí kò bá lo kọ̀ǹpútà náà ni mo fi tẹ ìwé yìí, ìka kan ọwọ́ òsì, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Orúkọ mi nìkan ni mo kọ̀ láti tẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún àti bíírò ni màá fi kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí. Wò ó dáadáa kó o tó ká ìwé yìí, wàá mọ̀ bóyá ó yẹ kó o wá.

Tìrẹ náà ni mo ṣì jẹ́,

Ọwọ́-Pẹ̀lẹ́