Ìhágún Ọ̀gá Iná, Lẹ́yìn Tí Iná Èédú Ti Kú

Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Iná, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọkọ aránṣọ tó ti lọ, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni mo kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Orúnkún ló ń dùn mí, kì í ṣe ọpọlọ. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Kò tilẹ̀ sẹ́nì kankan nínú ilé tí ì bá fipá mú mi.

Ìkíní. Ilé yìí, yàrá mẹ́ta, di ti ọmọbìnrin mi, nọ́ọ̀sì, tó ń gbé lọ́nà jíjìn. Bó bá fẹ́ tà á, kó tà á. N kò bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kun ògiri ẹ̀yìn nígbà tí ilé iṣẹ́ iná èédú, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti ń fi èédú ṣe iná mànàmáná, ṣì ń tú èéfín, síbẹ̀ ó tún ń dúdú. Tó bá kùn ún báyìí, yóò funfun.

Ìkejì. Òun náà ló ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀. Orí ẹ̀rọ yìí ni aya mi ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pa iná èédú, kí wọ́n fi iná oòrùn rọ́pò rẹ̀. Eérú ń bo aṣọ oníbàárà rẹ̀, ikọ́ kò sì jẹ́ kó sùn. Ojúlé dé ojúlé ló ń gbé ìwé náà kiri, òun nìkan. Ó gbé e wá bá mi nídìí oúnjẹ. Mo ní, “Ìyá ọmọ mi, ṣé kí n fọwọ́ ara mi da àwo wa nù ni?” Ó ká ìwé náà, ó jáde. Orúkọ igba ó lé mẹ́tàdínlógún ló kó jọ. Tèmi kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo fọwọ́ sí i.

Ìkẹta. Àpótí irinṣẹ́ mi di ti àbúrò mi ọkùnrin. Èmi ni mo mú un wọ ilé iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí mo ka ìwé aya mi níwájú àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ náà, àbúrò mi dìde láàárín ìpàdé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti jẹ tiyín yó, ẹ wá ń da omi síná ọbẹ̀ tèmi.” Òótọ́ ni; mo ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́ta la fi bá wọn fà á kí wọ́n tó gbà. Wọ́n ní àwọn yóò kọ́ ogójì òṣìṣẹ́ níṣẹ́ iná oòrùn. Orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ. Kò wá. Ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà kan báyìí. Tó bá rí mi lókèèrè, á sọdá. N kò kábàámọ̀ iná tó kú. Àbúrò mi ni mo ń wá.

Ìkẹrin. Ewúrẹ́ mi méjèèjì di ti atúnbàtàṣe, aládùúgbò mi, tó ń kanlẹ̀kùn láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá mo jí.

Ìkarùn-ún. Ọmọ mi àti akọ̀wé àdúgbò ni kí wọ́n ṣe ètò yìí. Kí wọ́n má ṣe bá àbúrò mi jà. Bí kò bá wá gbé àpótí náà láàárín ọdún kan, kí wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí wọ́n má sọ nǹkan kan.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún keje tí aya mi ti lọ.

Ọ̀gá Iná

Ẹlẹ́rìí kìíní: Akọ̀wé àdúgbò.
Ẹlẹ́rìí kejì: Olùkọ́ tó ń gbé ní òdìkejì.
Ẹlẹ́rìí kẹta: Àyè àbúrò mi. Akọ̀wé ní ẹni tó bá jogún kì í jẹ́rìí. Mo gbọ́. Ẹ fi àyè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.