Ìròyìn Máṣíìnì Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Gbogbo Ẹni Tí Mo Fẹ́ràn

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti ń yọ? Iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe mọ́ yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ò lè dá mi lóhùn látinú bébà, ṣùgbọ́n tí mi ò bá kọ́kọ́ béèrè, ọ̀rọ̀ yòókù ò ní jáde. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó sùn, tó tún ń ṣọ́ ẹni tó wà lọ́nà, kò ní gbójú kúrò lára yín. O ò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ. Ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire, wọn ò ní wá ọ tì. Àmín.

Èmi náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún ń dùn mí díẹ̀, òrùlé ń jò níbi kan ṣoṣo, mo sì ti gbé garawa síbẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, ilé yìí kàn fẹ̀ jù ni. Mo ṣì máa ń bu oúnjẹ ẹni méjì, ìgbà tí mo bá gbé e dé orí tábìlì ni màá tó rántí, màá wá dá èkejì padà sínú ìkòkò. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ kọ ṣá.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí màmá fi jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà nílé. Ẹjọ́ fóònù náà ni mo fẹ́ rò fún ọ, mi ò sì fẹ́ kó wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá ń rò ó. Ti lẹ́tà, o mọ ọwọ́ mi, o mọ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ tí ìlà bá fẹ́ tán, o ó mọ̀ pé èmi ni.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé pupa tí o fi rán awakọ̀ sí mi, èyí tí wọ́n ya oòrùn sí lára. O ní ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ gbajúmọ̀, pé ó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń jáde kúrò nínú ọ̀fọ̀. Mo ti fi awò ojú bàbá rẹ kà á láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo gbìyànjú, má rò pé mo ṣorí kunkun. Ó ní kí n máa dúró níwájú dígí láràárọ̀ kí n máa sọ fún ara mi pé mo lágbára, mo ti borí. O mọ dígí wa, tara kọ́bọ́ọ̀dù ni, òkè rẹ̀ ti fọ́, nítorí náà àgbọ̀n mi nìkan ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo ń sọ ọ́ títí ìyàwó aládùúgbò wa fi wá kan ilẹ̀kùn, ó ní òun ò mọ̀ pé mo lálejò, ó ní ta ló borí, ìdìbò wo ni wọ́n tún dì?

Ìyẹn ò ṣe nǹkan. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ ni pé ọ̀gbẹ́ni náà ní ẹrù òkú nínú ilé dà bí òkúta nínú bàtà, pé kí n kó gbogbo rẹ̀ jáde kí ẹsẹ̀ mi lè yá. Kí ni bàbá rẹ fi sílẹ̀? Ẹ̀wù díẹ̀ ni, àti máṣíìnì tó fi ṣiṣẹ́ télọ̀, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Orí rẹ̀ ló ti rán aṣọ ilé ìwé rẹ, orí rẹ̀ náà ló ti rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ. Èmi ti fi aṣọ funfun bò ó, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo wá ní kí n mọ ẹni tí ń lé máṣíìnì ọkọ mi jáde nílé. Ìwọ náà lo sọ pé kí n máa wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí n tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo wo àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn ìwé. Eyín rẹ̀ pé. Kóòtù rẹ̀ dára, àmọ́ apá kan gùn ju èkejì lọ. Mo wá padà sínú ìwé, mò ń wá ẹni tó kú fún un. Ó pàdánù iṣẹ́, ó pàdánù mọ́tò, ó pàdánù ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣòwò, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yẹn wà láàyè, ó kàn sá lọ ni. Mi ò rí òkú kankan.

Ó ti fẹ́ máa yé mi pé kò mọ ohun tó ń sọ, ni mo bá tún rí i lẹ́yìn ìwé pé àwọn kan jẹ́rìí sí i. Ẹnì kan tó ń jẹ́ A.K., oníṣòwò, ní ìwé náà yí ayé òun padà. Ìlú yín ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ṣé o mọ A.K.? Tí o bá pàdé rẹ̀ lójú pópó, kí i fún mi, kí o sì bi í pé ta ló kú fún un, kí ló sì fi ẹrù onítọ̀hún ṣe.

Orí èyí ni mo wà tí ìròyìn fi dé. Ojú ìwé ẹgbẹ́ òṣèlú wa lórí fóònù ló ti wá, ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ ti ń bá bọ̀ kí a tó bí ọ, tó máa ń rán fìlà fún lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣèjọba ti parí ètò láti gba gbogbo máṣíìnì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ń kó aṣọ rírán wọ̀lú. Wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́n kó tètè ta tirẹ̀ kí wọ́n tó dé. Àwòrán wà níbẹ̀, máṣíìnì rẹpẹtẹ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo fẹ́ràn kó tó pẹ́ jù.

Ọmọ mi, bó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́? Àwọn tiwa ló sọ ọ́, àwòrán sì tún wà níbẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ pé iná ń bọ̀ tí kò ní ké sí ará ilé rẹ̀? Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo fẹ́ràn, ìwọ ni mo fi ṣáájú. O sì dá ojú kéékèèké mẹ́ta padà fún mi, omi ń dà lójú wọn. Mo ní háà, ọmọ mi ń sunkún níbi iṣẹ́, mo nu ojú tèmi náà. Ìyàwó aládùúgbò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún mi pé ẹ̀rín ni ojú yẹn ń rín. Ta ló ń fi omijé rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀? Kí ló dé tí o ò pè mí?

Èmi ò ní ta tèmi láé. Mo tẹ́ ẹní bo máṣíìnì náà, mo kó ìrọ̀rí lé e, mo da aṣọ bò ó, kí ìjọba lè rò pé aláìsàn ló sùn síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wọlé, wọ́n kí aláìsàn pẹ̀lẹ́, kò dáhùn, ni mo bá ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Wọ́n ní irọ́ ẹgbẹ́ wa nìyẹn, pé ojú ìwé ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn tó ń ṣèjọba, ti sọ pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà wọ́n gbọ́? Ojú ìwé yẹn náà ló sọ pé afárá odò wa ti parí. Ìṣojú mi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ká ṣòkòtò sókè, tí wọ́n gbé bàtà lé orí, tí wọ́n la inú omi kọjá, tí wọ́n dé òdìkejì tí wọ́n ní ẹ ò rí i bí afárá náà ti dára tó.

Lẹ́yìn náà ni onígbàjámọ̀ fi ìròyìn kan náà ránṣẹ́ sí mi, kò fi ọ̀rọ̀ kan pe méjì. Mo ní ẹlẹ́rìí kejì ti dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ kò kúrò létí mi pé kí n wo ibi tí nǹkan ti wá, mo sì ní kí n ṣe é bí a ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá parọ́ mọ́ ọmọ ẹni: a ó di ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ mú láti ẹnu kan dé òmíràn títí a ó fi bá ìyá tó bí i. Mo wé gèlè, mo jáde. Onígbàjámọ̀ ti fá ààbọ̀ orí oníbàárà, ó ní kafíńtà ló fi ránṣẹ́ sí òun. Ìṣó kún ẹnu kafíńtà, kò lè sọ̀rọ̀, ó fi òòlù júwe ilé Abẹ́rẹ́ fún mi.

O rántí Abẹ́rẹ́, ọmọbìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ, tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun náà ti di ọ̀gá télọ̀ báyìí. Inú mi dùn, mo ní Abẹ́rẹ́ kì í parọ́, ọ̀rọ̀ ti fìdí múlẹ̀. Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó wò mí, ó ní, Màmá, ẹ má bínú, ṣé ẹ ò rántí ni? Ó ní ẹ̀yin ni.

Ẹlẹ́rìí kejì tí mo ní, àṣé ohùn ara mi ló rìn yí ìlú po tó padà wá kí mi.

Mo fẹ́ jókòó, ìgbà náà ni mo rí ilẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ máṣíìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, máṣíìnì ò sí níbẹ̀. Ó ti tà á. Ọkùnrin kan tó gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá ló rà á ní owó pọ́ọ́kú, ó ti lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà nílẹ̀ gègèrè, ilé ìwé ti fẹ́ wọlé, Abẹ́rẹ́ ń fi ọwọ́ rán an, ó fi àkísà wé ìka. Mo ní kí ló dé tí o fi gbà á gbọ́? Ó ní òun ti kọ́kọ́ rí i lójú ìwé ẹgbẹ́, òun rẹ́rìn-ín, òun kọjá lọ. Ó ní ìgbà tó ti ọ̀dọ̀ yín wá, Màmá, mo ní ìyàwó ọ̀gá mi ò ní tàn mí.

Ọmọ mi, mi ò mọ bí mo ṣe délé.

Mo kọ ọ́ sórí fóònù pé irọ́ ni o, ẹ má ta nǹkan yín, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Onígbàjámọ̀ ló dáhùn, ó ní èló ni ẹgbẹ́ kejì fún mi. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ pé wọ́n jàre mi, inú wọn dùn gan-an, wọ́n ní ṣé mo ti wá gbà báyìí pé afárá ti parí. Ni mo bá fi ẹsẹ̀ mi rìn láti ilé dé ilé, mò ń fi ẹnu mi sọ ọ́.

Mo wá ní kí Abẹ́rẹ́ wá gbé máṣíìnì bàbá rẹ. Ó kọ̀, ó ní ẹrù ọ̀gá òun ni, òun ò tó o. Mo ní kì í ṣe pé mo yá ọ, mo fún ọ ni, ta ni ọ̀gá rẹ kọ́ níṣẹ́ bí kò ṣe ìwọ? Ó mú ọkọ rẹ̀ àti kafíńtà wá. Mo wọ ilé ìdáná kí n má baà rí i nígbà tí wọ́n bá ń ṣí aṣọ lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní kí òun kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Bí ìró rẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ wá jẹun kó tó tutù. Ọ̀rọ̀ ti jáde kí n tó rántí. Abẹ́rẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Nígbà tó yá ni mo ní máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ọmọ mi, máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ohun tó dà mí lọ́kàn rú nìyí. Ìwé tí mi ò gbà gbọ́, ohun tó ní kí n ṣe ni mo ṣe níkẹyìn, ẹsẹ̀ mi ò sì yá. Ìròyìn tí mo gbà gbọ́, irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó ń la omi kọjá lórí afárá tí kò sí, òun ló sọ òótọ́. Báwo ni ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú ńlá ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ṣé òṣùwọ̀n kan wà lọ́dọ̀ yín ni? Mo ní kí n kúkú máa wo èèyàn, kí n fi fóònù sílẹ̀, àmọ́ èèyàn ni Abẹ́rẹ́ wò, èmi ló wò.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Awọ tó ń yí kẹ̀kẹ́ máṣíìnì náà ti gbẹ, ó ń já, ó fẹ́ òróró, ó sì fẹ́ òwú. Mi ò fẹ́ fún Abẹ́rẹ́ ní ohun tí yóò tún náwó lé lórí. Tí nǹkan bá ṣẹ́kù níbẹ̀, màá fi tún òrùlé ṣe. Má fi ìwé mìíràn ránṣẹ́ o, àfi tó bá jẹ́ opó ló kọ ọ́. Tí mo bá sì tún fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, má torí pé ìyá rẹ ni kí o gbà á. Pè mí, bi mí pé níbo ni mo ti gbọ́ ọ. Mi ò ní bínú.

Ilé á tù ọ́ lára. Ọmọ rẹ á dàgbà lójú rẹ, á sì máa wá ọ wá. Wàá lówó, wàá ní àlàáfíà tí o ó fi ná an. Ọ̀rọ̀ rẹ á níyì láàárín ẹgbẹ́ rẹ, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún nítorí pé ó gbà ọ́ gbọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ