Inṣọ́ránsì, Àjọ Tí Mi Ò Fẹ́ Kí O Kó

Ẹ̀yìn Sábó,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Kẹrin, 1988.

Dúrósinmí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwa náà ń bẹ láàyè, à ń jẹ, à ń mu, a sì ń dárúkọ rẹ nínú àdúrà òwúrọ̀. Èkó ò ní gbé ọ mì.

Lẹ́tà rẹ dé, inú mi dùn débi pé mo kà á fún ewúrẹ́. O ní o ti ra fúláàtì, pé ẹnì kan ń gbé lókè orí rẹ, ìwọ náà sì ń gbé lórí ẹlòmíràn. Mo rò ó títí, mi ò mọ ẹni tó ni páànù nínú yín. Ẹ ṣáà máa rọra tẹlẹ̀.

O wá béèrè pé èwo ni kí o ṣe ní inṣọ́ránsì, ṣé ilé ni àbí ẹrù inú rẹ̀. O ní gbogbo yín lẹ ó máa dáwó, wọn á sì kó owó ńlá fún ẹni tó bá kàn. Àjọ náà nìyẹn, ọmọ mi, àjọ tí mo ti ń dá kí wọ́n tó bí ọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ràmọ́tà, olórí àjọ wa. Ó ní kí o dá ọwọ́ méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ẹrù, kí fíríìjì má baà jowú ògiri. Ó ní kí o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o kọ́kọ́ kó o, nítorí ìjì oṣù tó kọjá ti ṣí páànù yàrá mi lọ sí àgbàlá Baba Oyèlékè, abẹ́ agbòjò ni mo ń sùn báyìí. Mo ti ní kí Mùílì káfíńtà máa bọ̀, pé àjọ ti fẹ́ẹ́ kan ọmọ mi.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí Josiah àbúrò mi, tó ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí ní Ìbàdàn, fi wọlé. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní inṣọ́ránsì kì í kan ènìyàn ní títẹ̀léra bí àjọ, pé àfi bí ilé bá jó tàbí tí olè kó ẹrù lọ kí wọ́n tó sanwó, pé bí nǹkan kan ò bá ṣe ọ́, owó ti lọ nìyẹn. Ó ní ṣebí ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ní ìwọ kì í ṣe ọba, mi ò fẹ́ irú ẹwà bẹ́ẹ̀ fún ọ. Mi ò sì ní fa lẹ́tà yìí ya, bébà ti wọ́n.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Irú àjọ wo ni ẹni tó kó o á máa sunkún, tí ẹni tí ò kó o á máa jó? Ṣùgbọ́n mo wá rò ó pé owó rẹ náà ni wọn ó fi kọ́lé fún ẹni tí iná jó tiẹ̀, ìyẹn sì dára. Nítorí náà dá a, ọwọ́ méjì gẹ́gẹ́ bí Ràmọ́tà ṣe wí. Owó páànù tèmi, àpò ara rẹ ni kí o ti mú un, kí o sì tètè fi ránṣẹ́, nítorí Mùílì ti wà lókè àjà, òjò sì ti ń ṣú.

Gbogbo àjọ tí mo dá láyé mi, àdúrà mi ni pé kó tètè kàn mí. Tìrẹ yìí, wàá dá a títí irun rẹ ó fi funfun, Ọlọ́run ò sì ní jẹ́ kí o kó o láéláé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Leah, lábẹ́ agbòjò.