Àwòrán Tí Kò Jọ Mí

                                        Marblehead,
                                        Massachusetts.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 1768.

Jerusha, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ọkọ rẹ ti rọ̀ díẹ̀ nínú òtútù tó dé yìí? Ara tèmi le, mo dúpẹ́.

O béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ya àwòrán mi. Òótọ́ ni, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti kó ilẹ̀gbígbóná lára Màmá wa, tí Màmá lọ, tí èmi ṣẹ́kù, àpá ti gba ojú mi, kì í ṣe ojú tí o mọ̀ mọ́. Spéènì ni Ọ̀gbẹ́ni Thorndike wà nígbà náà, ó lọ ta ẹja. Nígbà tó dé, kò sọ nǹkan kan nípa àwọn àpá náà, kò sì wò mí lójú mọ́. Tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, fèrèsé ló ń wò. Mo ń gbé e mì.

Lóṣù tó kọjá ló mú ayàwòrán kan wálé, Ọ̀gbẹ́ni Tuttle. Òwúrọ̀ mẹ́jọ ni mo fi jókòó nínú aṣọ sílíìkì mi, ọrùn mi gan bí igi. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ìyáàfin, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí ìyàwó oníṣòwò létíkun yìí tí n kì í mú ojú rẹ̀ dán nínú àwòrán." Kí n má parọ́, inú mi dùn.

Lọ́jọ́ tó parí àwòrán náà, ọkọ mi dúró níwájú rẹ̀ títí. Ó ní, "Aṣọ yìí, mo mọ̀ ọ́n. N ò mọ obìnrin tó wọ̀ ọ́."

Àbúrò mi, ohun tí mo ti ń gbé mì bá tú jáde. Mo ní, "Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ìgbà wo lẹ wò mí gbẹ̀yìn?"

Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í nu búrọ́ọ̀ṣì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi jókòó. Ó ní, "Tí mo bá ti wò ọ́, ohun tí mò ń rí ni pé èmi ń jẹ ọsàn ní Spéènì nígbà tí ìwọ nìkan ń bá ikú wọ̀yá ìjà. Ojú ló ń tì mí, Mehitabel."

Mo ti rò pé ìríra ni, àṣé ìtìjú ni. Mo sunkún díẹ̀, mo nu ojú, mo ní kí ayàwòrán dá àwọn àpá náà padà.

Ó ní, "Wọ́n á ní n ò mọṣẹ́ o."

Ọkọ mi ní, "Ẹ ní ìyàwó mi ló bẹ̀ yín."

Ayàwòrán ya àpá mẹ́ta síwájú orí, ọ̀kan lẹ́bàá ẹnu. Kò ya ti imú. Ó ní ìyẹn kọjá agbára òun. Lánàá, nídìí oúnjẹ àárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Thorndike wò mí lójú kòrókòró, ó béèrè bóyá àwọn àpá náà ṣì ń yún mi. Mo ní wọn kì í yún mi mọ́. A ń jẹun wa lọ.

Gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi, kí o sì bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá rẹ̀. O ti ń bẹ̀ mí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pé kí n wá kí yín, mo sì ń wá àwáwí. Màá wá kí yìnyín tó dí ọ̀nà. Má jẹ́ kí ojú mi já ọ láyà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọ,

Mehitabel Thorndike