Ọ̀yà Baba Oníbọn

Àbámẹ́ta, 4 Máàṣì 1978
Bàbá Kíkẹ́lọmọ ìyàwó mi, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì tó di ọdẹ — Baba Oníbọn, nínú ìwé yìí nìkan — gbé ọ̀yà wá láti ilé rẹ̀ ní Dilimi, níbí ní Jos. Ó ní aboyún nílò ẹran ìgbẹ́. Mo béèrè ibi tó ti pa á. Ẹ̀bá kòtò àwọn awakùsà. Ilẹ̀ tí mo ń yẹ̀ wò fún yunifásítì gan-an! Iyanrìn ibẹ̀ ń tú ìtànṣán jáde. Ojú kì í rí i, ó sì ń ba ara jẹ́. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé: koríko ń mu omi ilẹ̀, ọ̀yà ń jẹ koríko, àwa ń jẹ ọ̀yà.

"Haba, dókítà. Ẹran yìí ni mo fi tọ́ Kíkẹ́. Kí ló ṣe é?"

Mo gbé Aláròyé, ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ìtànṣán, wọ ilé ìdáná. Mo nà án sí ẹran. Ta-ta-ta-ta. Mo gé díẹ̀ fún àyẹ̀wò, mo ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ìyókù. Baba gbé ọ̀yà rẹ̀, kò dágbére. Kíkẹ́ sunkún ẹran.

Àìkú, 5 Máàṣì
Ẹ̀wà. Láìsí ẹran.

Ajé, 6 Máàṣì
Gbogbo ará Èkìtì ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ pé mo pe ẹran àna mi ní májèlé. Rhoda, ìyàwó Ògúnníyì, ọ̀kan nínú wọn, ní kí n wá fi ẹ̀rọ wo ọkọ òun náà.

Ọjọ́rú, 8 Máàṣì
Ọ́fíìsì, Bauchi Road. Mo wọn ẹran tí mo gé. Aláròyé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo tún un wọ̀n. Rọ́rọ́.
Mo sáré wálé. Ilé ìdáná, láìsí ẹran: ta-ta-ta-ta. Mo nà án sí ògiri — ariwo! Iyanrìn kùsà ni onílé fi rẹ́ ẹ. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ibi tí wọ́n dúró sí!

Ọjọ́bọ̀, 9 Máàṣì
Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Baba ní Dilimi. Mo ní ọ̀yà náà mọ́, ògiri wa ni kò mọ́. Baba ń họ egungun ẹran jẹ lọ.
"Àárín ògiri yẹn ni ọmọ mi ń sùn?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"To, ó dáa. Ẹ kó wá síbí, títí onílé yín yóò fi ha iyanrìn yẹn kúrò."
Mo rọra rán an létí pé ọkùnrin kì í gbé ilé àna.
"Ọkùnrin tó bá wù ú lè padà lọ bá ògiri rẹ̀."

Àbámẹ́ta, 11 Máàṣì
A ti kó dé. Mo kọ́kọ́ wọn yàrá: ó dára. Ọbẹ̀ ọ̀yà náà dára, ó ṣeni láàánú. Àlejò ń wọlé, Baba ń fi mí hàn wọ́n: "Ẹ wá wo ìyàwó tí Kíkẹ́ gbé wálé."