Páìpù Mẹ́fà àti Etí Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, bí Èkìtì tilẹ̀ jìnnà. Ẹ bá mi kí Màmá. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Mo kí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ojú ìjọ ni mo ti ṣẹ̀ yín.

Ara mi le. Jakande ni mo ṣì ń gbé, iléeṣẹ́ páìpù ní Ìsọlọ̀ ni mo ṣì ń lọ. Òjò ọdún yìí kò fẹ́ dá, tírélà sì ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. Ariwo pọ̀ níbi iṣẹ́, àmọ́ bí mo bá délé, n kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa fi àgékù páìpù ṣeré.

Ẹ rántí Ìkórè tí mo gbé kíbọ́ọ̀dù wá láti Èkó. Ẹ ní kí n dáwọ́ dúró, pé kò bá ohùn àwọn akọrin yín mu. Èmi aláṣejù, mo dáhùn níwájú ìjọ pé etí yín ló ti gbó. Ẹ kò bá mi jà. Ẹ kàn gbé ọ̀pá tí ẹ fi ń darí orin sílẹ̀, Màmá sì sọ pé ẹ kò fọwọ́ kàn án mọ́ láti ọdún mẹ́ta yìí.

Bàbá, etí yín kò gbó. Àwọn tó ṣe kíbọ́ọ̀dù mọ̀ọ́mọ̀ yẹ àwọn ìró rẹ̀ kúrò láàyè wọn díẹ̀díẹ̀, kí èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ orin lórí ìró yòówù tó bá wù ú. Àwọn akọrin yín, tí wọn kì í lo ẹ̀rọ, ààyè tó tọ́ gan-an ni wọ́n ń kọ ìró kọ̀ọ̀kan sí.

Báyìí ni mo ṣe mọ̀. Mo mú nọ́mbà mẹ́rin: ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje. Mo ń sọ wọ́n di púpọ̀ ní méjì-méjì, bíi mẹ́ta lọ́nà márùn-ún, tó jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iye mẹ́fà ló jáde, mo sì gé páìpù mẹ́fà títí bí ohùn wọn ṣe ń yára gbọ̀n fi bá iye wọ̀nyẹn mu. Mo so wọ́n rọ̀: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, mẹ́rin yí àárín ká. Mẹ́ta yòówù tó bá sún mọ́ ara wọn, bí mo bá lù wọ́n pọ̀, wọ́n á dún bí ohùn kan ṣoṣo, bí àwọn akọrin yín gẹ́lẹ́, kì í ṣe bíi kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀nà mẹ́jọ ló wà láti mú irú mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin nínú ọ̀nà náà dà bí àwòrán mẹ́rin yòókù nínú dígí. Kò sí èyí tó jẹ́ olórí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Múfú, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, gbọ́ ọ, wọ́n sì bi mí pé ta ló kọ́ mi ní irú etí yìí. Omi lé sójú mi. Ojú tì mí láti dárúkọ yín.

Páìpù kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan tí kò bá a pín ìkankan nínú nọ́mbà mẹ́rin náà: èyí tó dojú kọ ọ́, bí èmi àti ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n mẹ́rin tó wà láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló bá àwọn méjèèjì pín nọ́mbà. Mo wò ó títí, mo rántí Màmá àti àwọn akọrin tó ń dúró dè wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mò ń bọ̀ fún Ìkórè, láìgbé kíbọ́ọ̀dù. Ẹ gbé ọ̀pá yẹn. Bí ohùn mi bá yẹ̀, kí ẹ nà án sí mi níwájú gbogbo ìjọ.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa, kí ó fi àlàáfíà kún ilé. Ẹ bá mi kí tẹrú-tọmọ.

Èmi ọmọ yín tí ẹ fún ní etí,
Bọ́sẹ̀dé