Kíjìpá tí Wọ́n Fi Ọ̀bẹ Pín

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún. Bí mo bá sọ fún àwọn alààyè, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Wọ́n ní àwàdà mi tún ti dé. Láti kékeré ni mo ti ń yọ gbogbo ìlú Bantè lẹ́nu. Báyìí tí ọ̀rọ̀ gidi wá dé, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́.

Sàlámátù, àbíkẹ́yìn yín, ti padà dé láti Abidjan. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun náà sì ti gbẹ bí ewé kaṣú nínú ọyẹ́. Yàrá yín ló ń sùn. Òtútù ń mú un tọ̀sán-tòru, ó sì bi mí léèrè kíjìpá yín, èyí dúdú onílà funfun tí ẹ fi ń bo gbogbo wa lórí ẹní, tí mo máa ń fà kúrò lára Ràfíù àbúrò mi kí ó lè ké, tí ẹ ó sì gbá mi nídìí láìlajú. Kí ni kí n wí fún un? Ṣé kí n ní a ti pa kíjìpá bí ẹni pa ewúrẹ́, a sì ti pín ẹran rẹ̀?

Ẹ ò mọ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín, àbúrò bàbá wa ní kí a má jà, ó yọ ọ̀bẹ. Ó gé ìdajì fún ara rẹ̀, torí òun ló ni ọ̀bẹ. Ó gé ìyókù sí mẹ́ta: tèmi, ti Ràfíù, ti Mọ̀ńsúrá àbúrò mi. Ó ní ẹni tí kò wá síbi òkú kò ní í jogún òkú. Sàlámátù sì rèé, ọkọ tó ń ṣàìsàn ló ń tọ́jú nígbà náà. Ègé tó kàn mí kò lè bo orúnkún. Kí ló dé tí ẹ ò fi ẹnu ara yín sọ ẹni tó ni aṣọ náà kí ẹ tó lọ? Ṣebí ẹ mọ irú ọmọ tí ẹ bí?

Mo ní màá kó àwọn ègé náà jọ. Mo gun sẹ́mì lọ bá àwọn méjèèjì ní Koko, alùpùpù náà sì gbọ̀n mí títí egungun ìdí mi fi pààrọ̀ àyè. Mọ̀ńsúrá ń fi tirẹ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, ó ti jó níhò. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ṣì sàn. Ràfíù ńkọ́? Ẹ jókòó dáadáa. Ràfíù tó ń ta ẹ̀sáǹsì, epo alùpùpù, fún àwọn ọlọ́kadà lẹ́bàá títì, kíjìpá yín ló fi dí ẹnu bídọ̀n epo.

Mo ní, "Ràfíù, ìyá rẹ lo fi dí bídọ̀n."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àkísà mà ni. Ó sì ń di epo mú ju ọ̀rá lọ."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́kadà kan ní, "Baba aláwàdà, ẹ tún sọ òmíràn."

Mo fa ègé náà yọ, mo ń lọ. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sìn mí dé ìkóríta. Ọlọ́run ló yọ Ràfíù pé n kì í mu sìgá.

Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn títí àwọn ewúrẹ́ fi ń yà fún un. Òórùn epo kò lọ. Ègé mẹ́ta kò sì lè di aṣọ ìbora, ni mo bá bẹ télọ̀ ẹ̀bá ọjà. Ó fún mi ní àpò àjákù kan: ti aṣọ ìyàwó, ti kakí ọmọ ilé-ìwé, ti aṣọ ìsìnkú. Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò, mo ń fi ọwọ́ rán an pọ̀, abẹ́rẹ́ ń gún mi. Kíki òwú bọ abẹ́rẹ́ nìkan lẹ kọ́ mi, ẹ ò kọ́ mi ní ìyókù.

Ọmọ aládùúgbò kan kọjá. "Baba, ìyàwó kékeré wo lẹ ń ránṣọ fún?"

"Ìyá rẹ ni. Ó ní bàbá rẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń bo èèyàn."

Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìbínú ni mo fi ń ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ.

Ti Ràfíù ni mo fi sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ kò ní imú. Mo fi kakí dí ihò ti Mọ̀ńsúrá, mo fi í sáàárín. Ó wá ku òkè, níbi tí ojú ń gbé.

Ẹ mọ ohun tí mo fi tèmi ṣe? Fìlà ni mo fi rán. Ẹ̀yin ni mo ń gbé lérí lọ sóko, lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó bá kí mi ti kí yín láìmọ̀. Mo tú u.

Nígbà tí mo da aṣọ náà bo Sàlámátù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fìlà yín dà?"

Mo ní, "Àṣá ló gbé e. Ó rò pé òròmọdìẹ ni."

Ó fọwọ́ pa ègé òkè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo orí mi tó ń dán. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa aṣọ bo ojú, ó sì di ọwọ́ mi mú lábẹ́ rẹ̀.

N kò tíì dárí ji Ràfíù. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Àbúrò bàbá wa náà ti wà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó fi ègé tirẹ̀ sí. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ bi í léèrè ìdajì yẹn. Ọyẹ́ ṣì kù níwájú.

Èmi ni, àkọ́bí yín tí ẹ fẹ́ràn láti gbá nídìí, tí òtútù ń mú lórí.